Ọ̀gá Tí Kò Kúrò ní Méjìdínlọ́gọ́ta

"Màmi, kí ló dé tí Ọ̀gá máa ń pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta lọ́dọọdún?"

Ọmọ ọdún mẹ́fà ló béèrè. Oníbèéèrè ni wọ́n ń pè é nílé, kò sì sí ẹni tó lè ní orúkọ náà ò yẹ ẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó na ìka sí ògiri òdìkejì títì, níbi tí wọ́n ti lẹ pósítà mẹ́ta léra. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ti ṣá, èyí tó wà láàárín ti ya létí, èyí tó wà lókè kò tíì gbẹ tán. Ọkùnrin kan náà ló ń rẹ́rìn-ín lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lábẹ́ wọn: A BÁ Ọ̀GÁ WA YỌ̀, WỌ́N PÉ ỌMỌ ỌDÚN 58 LÓNÌÍ. Oníbèéèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nọ́ńbà kà ni, kò sì sí nọ́ńbà kan ládùúgbò tó ń sinmi lọ́wọ́ rẹ̀.

Aránṣọ, ìyá rẹ̀, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó wo pósítà, ó wo ọmọ, ó wo ojú títì bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́.

"Lọ fọ ọwọ́ rẹ," ló wí.

Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Àmọ́ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yẹn, òun ni gbogbo ìyá ń fi dá ìbéèrè tó bá le lóhùn.

Màmá Àgbà, ìyá aránṣọ, jókòó sí igun ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá ọmọ rẹ̀ rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì. Ó gbọ́ ìbéèrè náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́. Ikọ́ náà pẹ́. Aránṣọ kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ títí ó fi lọ sílẹ̀, nítorí ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí kò ti lè rán ohunkóhun kó tọ́ bí ìyá rẹ̀ bá ń húkọ́.

Ẹ jẹ́ ká yà lọ wo Ọ̀gá fúnra rẹ̀ díẹ̀. Ẹ rọra wọlé o. Ẹní ìnusẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ ní àwòrán rẹ̀ lórí, ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń fò ó kọjá. Arúgbó tí kò bá lè fò, wọ́n á gbé e.

Òun ni olórí iléeṣẹ́ ìlera àdúgbò náà. Láràárọ̀, Akọ̀wé rẹ̀ á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa kí i bó ṣe ń wọlé: "Ọ̀gá pátápátá! Ẹni tí àrùn rí tó yà fún! Ọ̀dọ́mọkùnrin ayérayé!" Ọ̀gá á mi orí sí méjì àkọ́kọ́. Sí ẹ̀kẹta, á dúró, á ní, "Kí lo wí?" Akọ̀wé á tún un sọ.

Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń wọ ìbòmú lásìkò yẹn. Ọ̀gá náà ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó bà á nínú jẹ́ pé àwọn ènìyàn kò ní í máa rí ẹ̀rín òun mọ́. Wọ́n bá tẹ ẹnu rẹ̀ sórí ìbòmú náà, teyínteyín, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó wá di pé bí inú bá ń bí Ọ̀gá, ẹ̀rín ló ń bínú sí yín. Bó bá sì sín, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń sún sẹ́yìn ni Akọ̀wé ń sún mọ́ ọn: "Ẹ sín dáadáa, sà! Irú sísín báyìí, ọ̀dọ́ ló ní in!"

Òfin iṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ lọ sinmi bó bá ti pé ọgọ́ta ọdún. Ọ̀gá bọ̀wọ̀ fún òfin gidigidi. Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kí òun pé ọgọ́ta.

Báyìí ni nǹkan wà nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn dé láti olú iléeṣẹ́, tòun ti ìkìlọ̀ pé kí wọ́n tètè fún àwọn àgbàlagbà tó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin. Àrùn tuntun ń jà nígboro, ìgbà òtútù ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ yìí kò ní í lé àrùn tuntun náà lọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀fìnkìn líle bá tún lọ bá a nínú àyà arúgbó kan ṣoṣo, mímí á dogun. Nọ́ọ̀sì kó àwọn ìgò náà sínú fíríìjì, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀gá ti fíríìjì, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn.

"Nọ́ọ̀sì," ló wí, "ṣé ẹ̀pà ni, tá a ó kàn máa bù ú fún ènìyàn? Abẹ́rẹ́ tí n kò bá tíì sọ̀rọ̀ lé lórí, omi lásán ló wà nínú rẹ̀. A gbọ́dọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀. Èmi yóò wọ kóòtù tuntun. Èmi yóò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn náà ni a ó ṣí fíríìjì."

"Sà, àwọn arúgbó ń húkọ́," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Kí wọ́n máa húkọ́ lọ ná. Ọ̀rọ̀ mi á bá wọn níbẹ̀."

Akọ̀wé wá sọ pé òun ń bẹ̀rù àwọn ọmọ ogójì ọdún. Ó ní wọ́n lè fi nǹkan kun irun wọn kó funfun, kí wọ́n wá gba abẹ́rẹ́ àgbà. Ọ̀gá, ẹni tó mọ ohun tí ènìyàn lè fi irun ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ ládùúgbò náà, gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó pàṣẹ. Wọ́n ka àṣẹ náà ní gbogbo òpópó: ẹni tí kò bá ní ìwé ọjọ́ ìbí, kó mú ẹlẹ́rìí wá. Kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe àbúrò. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ẹni tí wọ́n jọ bí lọ́dún kan náà, kó sì jẹ́rìí lójú gbogbo ayé. Ọ̀gá fi ẹnu ara rẹ̀ fi kún un: "Ẹni tó bá purọ́ ọjọ́ orí, èmi fúnra mi ni n ó tú u fó!"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yẹn. Òun ti gbàgbé.

Ó di kí àwọn arúgbó máa wá ẹgbẹ́ wọn kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Bàbá méjì tó ti ń bínú síra wọn látìgbà tí ọmọ wọn ti kọ ara wọn sílẹ̀ tún padà di ọ̀rẹ́ nítorí ẹ̀rí. Ìyá kan lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn fárí gá, ó ní òun ò ní í jẹ́rìí àfi bó bá kọ́kọ́ gbà pé òun rẹwà jù ú lọ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wá.

Àmọ́ ìfilọ́lẹ̀ kò dé, nítorí kóòtù kò tíì tẹ́ Ọ̀gá lọ́rùn. Ẹni tó sì ń rán kóòtù náà ni aránṣọ wa.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí fún un. Ìyá rẹ̀ ń húkọ́ ní igun ṣọ́ọ̀bù. Oògùn ìdènà wà nínú fíríìjì ní òdìkejì títì. Ohun tó dúró sáàárín méjèèjì ni aṣọ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀. Kò tíì rán aṣọ kankan bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, bíi pé ìlera ni òun ń rán. Ó parí rẹ̀ kíákíá, ó gbé e lọ.

"Kọ́là yìí ò ga," ni Ọ̀gá wí níwájú dígí. "Ọrùn ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ jù."

Aránṣọ gbé e padà, ó gbé kọ́là ga títí ó fi kan etí. Ó tún lọ.

"Apá yìí fẹ̀. Apá ọ̀dọ́ máa ń kún aṣọ."

"Sà, bí mo bá tún gbà á wọlé, ẹ ò ní í lè ká a sókè o."

"Kí ni mo fẹ́ ká a sókè fún? Ṣé èmi ni mo fẹ́ gba abẹ́rẹ́ arúgbó ni?"

Ó tún gbà á wọlé. Wọ́n tún sún ìfilọ́lẹ̀ síwájú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọ̀fìnkìn gbé Bàbá Alágogo, ẹni tó ń tún aago ṣe nísàlẹ̀ títì, dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ kó tó lè mí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì, àwọn aago rẹ̀ ń ró nínú òkùnkùn. Nígbàkigbà tí aránṣọ bá kọjá níbẹ̀, á yára lọ sílé. Bó bá délé, á gbé ọwọ́ lé iwájú orí ìyá rẹ̀, á díbọ́n bí ẹni fẹ́ nu òógùn fún un.

"Màmá," ló wí lọ́jọ́ kan, "ẹ ò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ta ló kù nínú ẹgbẹ́ yín tó lè jẹ́rìí?"

Màmá Àgbà gbé ojú sókè àjà. "Èyí tó ń ta bàtà ti lọ. Àwọn ìbejì ti lọ. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi kí bàbá rẹ tó fi kẹ̀kẹ́ gbá a..."

"Màmá!"

"Òun náà ti lọ. Kẹ̀kẹ́ kọ́ ló pa á o, má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó ku ẹnì kan."

"Ta ni?"

Màmá Àgbà na ẹnu sí òdìkejì títì. Aránṣọ yíjú, kò rí ẹnikẹ́ni. Pósítà mẹ́ta ló rí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣeré."

"Èwo ni kí n fi ọ́ ṣeré? Lórí bẹ́ẹ̀dì agbẹ̀bí kan náà ni wọ́n bí wa sí. Òun dé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, èmi dé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ìyá rẹ̀ ò lómi ọyàn, ìyá mi ló fún àwa méjèèjì. Nígbà tí àwọn alábẹ́rẹ́ wá sí ilé ìwé wa, abẹ́ tábìlì ni mo ti wọ́ ọ jáde. Ẹlẹ́kún ni gbogbo kíláàsì ń pè é."

"Ẹ̀yin sì ti pé..."

"Méjìdínláàádọ́rin. Mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Oníbèéèrè, tó ti ń ka ìka rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, gbé orí sókè. "Nígbà náà, Ọ̀gá náà ti..."

"Lọ fọ ọwọ́ rẹ!" ni ìyá àti ìyá àgbà jọ wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Aránṣọ mú ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá nígbà tó lọ bá a wọ kóòtù lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ bọ́tìnnì rẹ̀ sí aláwọ̀ wúrà. Ó gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ̀ sọ ọ́. Ó ní, "Sà, ìyá mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé... pé Ẹlẹ́kún."

Ọ̀gá le gbagidi nínú kóòtù náà. Lẹ́yìn ẹ̀rín tí wọ́n tẹ̀ sórí ìbòmú, nǹkan kan gbọ̀n.

"Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Sà, ẹ̀yin nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí wọn. Àyà wọn ò lágbára. Mi ò ní í béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ yín láé."

"Aránṣọ, àwọn aṣọ nọ́ọ̀sì tó ò ń rán fún iléeṣẹ́ yìí, ṣé o ṣì fẹ́ máa rán wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nígbà náà, kí ìyá rẹ wá ẹlẹ́rìí mìíràn. Báwo ni mo ṣe lè jẹ́rìí ìbí arúgbó? Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn."

Aránṣọ sunkún dé ilé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ bó ṣe rí. Màmá Àgbà fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ó so ó, ó gé e.

"Ó ní wọn ò tíì bí òun?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí, Màmá."

"Ó dáa. Tún imú rẹ ṣe. Ó jù mí lọ ní òru kan, kò sì jẹ́ kí n sinmi nítorí òru yẹn ní gbogbo ìgbà tá a jọ wà lọ́mọdé. Mo mọ ohun tí ọkùnrin yẹn kò lè gbé mì. Ìgbà wo ni ìfilọ́lẹ̀?"

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ dé wàyí. Wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn iléeṣẹ́ ìlera, wọ́n to àga jìnnà síra gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Àwọn arúgbó jókòó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, oníkálukú pẹ̀lú ẹlẹ́rìí rẹ̀. Aránṣọ jókòó lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ Oníbèéèrè mú, ó fi ọwọ́ kejì di àpò rẹ̀ mú, níbi tí àlùmọ́gàjí àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ wà, nítorí Ọ̀gá ti pàṣẹ pé kó wà nítòsí bóyá bọ́tìnnì kan yóò já.

Ènìyàn méjì ló tó ti Ọ̀gá bọ inú kóòtù náà. Lábẹ́ rẹ̀, ó fi ọ̀já kan fún ikùn rẹ̀ pa, débi pé bó bá fẹ́ mí, ó gbọ́dọ̀ pinnu ní ìdajì ìṣẹ́jú ṣáájú. Ó gun orí pèpéle, ó di máíkì mú.

"Ẹ̀yin àgbà! Ẹ̀yin tí ẹ ti ń darúgbó nígbà tí èmi ṣì wà lọ́mọdé! Nígbà tí ọ̀fìnkìn gbọ́ pé èmi ni olórí ìlera níbí, kí ló ṣe? Ó mú ẹrù rẹ̀! Nígbà tí ikọ́ gbúròó mi, kí ló ṣe? Ó húkọ́, ó sì tọrọ gáfárà!"

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Àwọn arúgbó húkọ́. Kò sí èyí tó tọrọ gáfárà nínú ikọ́ wọn.

Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ ìtàn bí òun ṣe ra bọ́tìnnì. Ó sọ ìtàn fíríìjì. Bàbá kan sùn lọ, ẹlẹ́rìí rẹ̀ sùn tẹ̀lé e. Níbi tó ti ń ṣàlàyé ìdí tí ìgbà èwe fi ń bá òun gbé láìsanwó ilé ni obìnrin kan wọlé, tó jókòó sẹ́yìn láìjẹ́ kí wọ́n kí òun. Ọ̀gá kò mọ̀ ọ́n. Ìbòmú bo ojú rẹ̀. Alábẹ̀wò láti olú iléeṣẹ́ ni. Ó ti rí i pé ibi gbogbo ti parí abẹ́rẹ́ wọn, àdúgbò yìí nìkan kò tíì fún ẹyọ ẹnì kan.

Alábẹ̀wò fi ohùn jẹ́jẹ́ bi Nọ́ọ̀sì léèrè: "Kí ló dé tí fíríìjì ṣì wà ní títì?"

Nọ́ọ̀sì fi ojú tọ́ka sí ọrùn Ọ̀gá.

Alábẹ̀wò bá dìde, ó sọ ẹni tí òun jẹ́. Ọ̀gá gbé ọ̀rọ̀ mì láàárín ọ̀nà, àfi bí ẹni tí egungun há lọ́fun. Wọ́n fi àga fún Alábẹ̀wò lórí pèpéle. Ó ní òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó, kí wọ́n pe ẹni àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì wo ẹni tó ń húkọ́ jù, ó pe Màmá Àgbà.

Màmá Àgbà rọra dé iwájú. Aránṣọ dúró tì í. Akọ̀wé ka àṣẹ náà sókè bí wọ́n ṣe kọ ọ́: "Ta ni ẹgbẹ́ yín tó máa jẹ́rìí pé ẹ ti lé ní márùndínláàádọ́rin?"

"Ẹni tó di máíkì mú yẹn ni," ni Màmá Àgbà wí.

Gbogbo orí yí sí pèpéle. Bàbá tó ń sùn jí.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rín ìbòmú. "Orí ìyá yìí ti ń dàrú, ẹ bá mi mú un jókòó. Ìwọ obìnrin yìí, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí. Mi ò mọ̀ ọ́ rí."

Aránṣọ di apá ìyá rẹ̀ mú. Ó ń wo fíríìjì, ó ń wo ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá lé wọn padà báyìí, ọ̀nà mìíràn ò sí mọ́.

"Ẹ dúró ná, Ọ̀gá," ni Alábẹ̀wò wí. Ó wo ojú Màmá Àgbà. "Màmá, ẹ̀yin jẹ́ ọmọ ọdún mélòó?"

"Méjìdínláàádọ́rin, ọmọ mi."

"Ọ̀gá, bó bá rí bẹ́ẹ̀, màmá yìí fi ọdún mẹ́wàá jù yín lọ. Ẹ wá ń pè wọ́n ní 'ìwọ' lórí máíkì?"

Ọ̀gá tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Bẹ́ẹ̀ ni o," ni Màmá Àgbà wí, ó rọra, ohùn rẹ̀ dùn bí ti ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ṣùgbọ́n ẹ má bá a wí. Ọmọdé ni. Mo ti dárí jì í. Kó sáà ti kí mi dáadáa, kó ní, 'Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.' Ó yá, àbúrò mi, mò ń gbọ́."

"Ẹ kí wọn, Ọ̀gá," ni Alábẹ̀wò wí.

Gbogbo gbọ̀ngàn ń dúró. Ẹ wo Ọ̀gá bó ṣe ń gbìyànjú! "Ẹ..." ló wí. "Ẹ kú..." Kọ́là náà ń fún un lọ́rùn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ohun tó ti ń jà fún láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òru kan ṣoṣo tó fi ju ọmọbìnrin yìí lọ, wọ́n ní kó fi tọrẹ lójú gbogbo ayé.

"Má bẹ̀rù, àbúrò mi kékeré," ni Màmá Àgbà wí. "Tàbí o fẹ́ kí n kọ́ ọ?"

Ọ̀gá já ìbòmú kúrò lẹ́nu.

"Àbúrò ta?" ló kígbe, máíkì sì gbé e dé títì. "Mo ní àbúrò ta? Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí èmi! Àárọ̀ Sátidé lo tó dé! Mo ti mu ọyàn, mo ti sùn, mo ti jí, ìwọ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ké! Èmi lẹ̀gbọ́n rẹ! Èmi lẹ̀gbọ́n rẹ lójoojúmọ́ láti ọdún méjìdínláàádọ́rin yìí, ojú kì í tì ọ́ ni?"

Ohùn rẹ̀ yí gbọ̀ngàn náà ká, ó jáde lójú fèrèsé, ó lọ kọlu pósítà mẹ́ta lára ògiri, ó padà wá bá a.

Akọ̀wé, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọn, sọ pé, "Ọ̀dọ́mọkùnrin ayé..." Ó wo ojú Alábẹ̀wò, ó gbé ìyókù mì.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá," ni Alábẹ̀wò wí. "Ẹ̀rí yín ti wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, kọ́kọ́rọ́."

Ọ̀gá bọ́ ọ lọ́rùn. Ó fẹ́ yọ́ gba ẹ̀yìn pèpéle lọ, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà, tí Nọ́ọ̀sì ti ń nu apá rẹ̀, pè é padà.

"Òun náà ńkọ́? Ṣebí ó ti lé ní márùndínláàádọ́rin. Bó bá ń wá ẹlẹ́rìí, èmi rèé."

"Mi ò fẹ́," ni Ọ̀gá wí. Ohùn náà ti kéré.

"Ẹlẹ́kún, ọ̀fìnkìn ti gbé Bàbá Alágogo dé ilé ìwòsàn. Èmi ò fẹ́ ṣẹ́kù nínú ẹgbẹ́ wa lémi nìkan. Jókòó."

Ó jókòó. Wọ́n fẹ́ ká apá kóòtù náà sókè, kò ká. Wọ́n ní kó bọ́ ọ, ó rántí ọ̀já ikùn, ó kọ̀. Ni wọ́n bá pe aránṣọ. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó mú àlùmọ́gàjí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú ìrán tó ti rán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú bàǹdéèjì lára ọmọ. Ó rò pé òun yóò yọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, àánú ọkùnrin náà ló ṣe é, nígbà tí apá jáde tán, tó sì rí i pé ó tínrín, awọ rẹ̀ rọ̀, ó rí gẹ́lẹ́ bíi ti ìyá òun.

"Ṣé ó máa dùn mí?" ni Ọ̀gá bi í, jẹ́jẹ́.

"Díẹ̀, sà."

Màmá Àgbà na ọwọ́ sí i láti orí àga rẹ̀. Ọ̀gá dì í mú. Ó di ojú méjèèjì. Ẹkún tó sun kò pọ̀, ẹ má jẹ́ ká sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n ayàwòrán kan, tí Ọ̀gá fi owó ara rẹ̀ pè wá síbi ìfilọ́lẹ̀ náà, rí i yà.

Kó tó di ọ̀sán, gbogbo arúgbó inú gbọ̀ngàn ti gba abẹ́rẹ́ wọn láìsí ẹlẹ́rìí, láìsí ọ̀rọ̀ sísọ, Nọ́ọ̀sì sì ti gbé àpótí kan dání, ó ti ń lọ bá àwọn tí kò lè rìn nílé. Alábẹ̀wò pe Ọ̀gá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kó lọ sinmi, ìsinmi ọdún mẹ́jọ ló ń dúró dè é. Nígbà tó jáde nínú ọ́fíìsì rẹ̀ tòun ti kóòtù alápá kan, ẹnìkan ti tẹ ẹní ìnusẹ̀ mọ́lẹ̀ gbàgàdà. Bàtà Akọ̀wé ni.

Nírọ̀lẹ́, Màmá Àgbà ní apá ń dun òun díẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀. Oníbèéèrè gun bẹ́ẹ̀dì tẹ̀lé e. Aránṣọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì ti sọ pé yóò tó ọ̀sẹ̀ méjì kí abẹ́rẹ́ náà tó ríṣẹ́ ṣe dáadáa, nítorí náà aránṣọ ti ń wéwèé bí òun yóò ṣe ti ìyá rẹ̀ mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìjẹ́ kó mọ̀.

"Màmi, ọmọ ọdún mélòó ni Ọ̀gá báyìí?"

"Méjìdínláàádọ́rin."

"Àná ńkọ́?"

Aránṣọ ronú. "Méjìdínlọ́gọ́ta."

Ọmọ náà dìde jókòó. "Ó fi ọdún mẹ́wàá dàgbà lọ́jọ́ kan? Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ló ṣe é?" Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó ti tẹ̀ síwájú, ó ń fi ìka ka ìlà ojú Màmá Àgbà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bóyá òmíràn ti kún un láti àárọ̀. Màmá Àgbà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ikọ́, ó fi ẹ̀rín náà sínú.

"Kí lo rí?"

"Wọ́n ṣì pé," ni Oníbèéèrè wí. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó gbá ìyá àgbà rẹ̀ mọ́ra pinpin, kó má baà dàgbà sí i kí ilẹ̀ tó mọ́. Báyìí ló sùn lọ. Màmá Àgbà ń rọra gbá a lẹ́yìn títí ọwọ́ náà fi dúró.

Aránṣọ tẹ́tí. Ó ń retí ikọ́. Èémí kékeré ló gbọ́, èémí ńlá tẹ̀lé e, èémí kékeré tún tẹ̀lé e. Ó bọ́ téèpù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó ní òun yóò kàn gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀, òun yóò máa ṣọ́ wọn.

Kò ṣọ́ wọn. Òun náà sùn.